Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Yunifásítì Ń Fi Iṣẹ́ Wọn Hàn

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba wa, ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan. Ẹ ní ọmọ ní Yunifásítì. Ẹ ti san owó ilé ẹ̀kọ́, ẹ ti ra ìwé, ẹ ti di gàrí àti èlùbọ́ sínú àpò fún un ní ìgbà tí kò níye. Bí ẹnì kan bá dá yín dúró lọ́jà lónìí, tí ó ní, "Alhájà, kí ni ọmọ yín ń ṣe níbẹ̀ gan-an?" kí ni ẹ óò wí?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò dáhùn pé, "Ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn," tàbí, "Ó ń kọ́ ìṣirò owó." Orúkọ ẹ̀kọ́ ni ìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ ọmọ náà ń ṣe. Fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, a kì í béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí a óò tún gbọ́ nípa ẹ̀kọ́ náà ni ọjọ́ tí ó bá gba oyè, tí a ra aṣọ ẹbí, tí a ya fọ́tò, tí a sì jẹ ìrẹsì.

Ní òkè òkun, pàápàá ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ Yunifásítì ti ya ọjọ́ mìíràn sọ́tọ̀ ṣáájú ọjọ́ oyè. Ní ọjọ́ náà, wọn a ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ńlá sílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́ yóò kó iṣẹ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe jáde, olúkúlùkù yóò dúró ti tirẹ̀, yóò sì máa ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọjá. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ni a mú wá fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyẹn, ìwé ìpè sì lè dé ọwọ́ yín lọ́jọ́ kan. Ju ìyẹn lọ, ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún àwa tí ọmọ wa ń kàwé nílé níbí.

BÍ GBỌ̀NGÀN NÁÀ TI RÍ

Ó sábà máa ń bọ́ sí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ wọn bá ń parí lọ. Bí ẹ bá wọlé, ohun tí ẹ óò kọ́kọ́ rí ni pátákó tí a tò ní ìlà-ìlà bí ìsọ̀ àwọn aláṣọ. Ìwé fífẹ̀ kan ni a lẹ̀ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lórí ìwé yìí ni ọmọ náà kọ ìbéèrè tí ó ń wá ìdáhùn sí, bí ó ti wá a, ohun tí ó rí, àti ohun tí ó kù tí kò tíì yé e. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ àgbà tí ó tọ́ ọ sọ́nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó dúró níwájú pátákó. Bí ẹ bá yà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò kí yín, yóò sì sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún yín láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ẹ̀yin náà yóò bi í ní ìbéèrè. Bí ẹ ti kúrò, ọ̀jọ̀gbọ́n kan lè dé tí ó mọ ọ̀ràn náà dé gbòǹgbò. Bí ìyẹn ti kúrò, ọmọ iléèwé kékeré kan lè dé tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ọmọ yín gbọ́dọ̀ rí èdè tí yóò fi bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀, kí ó má sì purọ́ fún ẹnì kankan.

Ẹ má ṣe rò pé ti àwọn onísáyẹ́ǹsì nìkan ni. Ẹni tí ó ń ka ìdin ẹ̀fọn nínú omi adágún lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹni tí ó ń gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá àgbà. Ní yàrá kejì, ẹni tí ó ya àwòrán ti gbé e kọ́ ògiri. Ẹni tí ó ṣe orin ń kọ ọ́ fún àwọn èrò. Àwọn kan ń jó, àwọn kan ń ṣe eré orí ìtàgé, àwọn kan sì ń ka ewì tí wọ́n fúnra wọn kọ. Àwọn mìíràn wà tí wọn kò lo pátákó rárá. Wọn a dúró níwájú àwùjọ, wọn a sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn a sì dúró gba ìbéèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe wólímọ̀ fún ọmọ rí, èyí kò lè ṣàjèjì sí yín. Ọmọ lè lọ sí ilé kéwú fún ọdún púpọ̀, kí alífáà sì máa sọ fún yín pé ó ń ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá jókòó níwájú àwùjọ, tí ó la ẹnu tí ó ń kà, tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kà sì tẹ́tí sí i, ọjọ́ náà ni tẹbí-tará mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bá a kà á. Ọjọ́ àfihàn ní Yunifásítì fi èyí jọ wólímọ̀. Ìwé ẹ̀rí ń sọ fún yín pé ọmọ náà yege. Ọjọ́ àfihàn ń jẹ́ kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ.

BÍ ÀṢÀ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Nígbà kan rí, ní ọ̀pọ̀ Yunifásítì òyìnbó, iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn tí ń wá oyè gíga ni ìwádìí jẹ́. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tirẹ̀ ni kí ó jókòó, kí ó gbọ́, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dá a padà fún olùkọ́ lọ́jọ́ ìdánwò.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1957, Edwin Land, ẹni tí ó ṣe kámẹ́rà Polaroid tí ń yọ fọ́tò lójú ẹsẹ̀, lọ sọ̀rọ̀ ní Massachusetts Institute of Technology, ilé ẹ̀kọ́ ńlá ti Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pè ní MIT. Ó ní kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí ọmọ bá ti wọlé ni ó ti yẹ kí ó ní ìwádìí tirẹ̀, kí ó sì ní àgbà tí yóò máa tọ́ ọ sọ́nà. Àwọn ènìyàn gbọ́, wọ́n sì yìn ín.

Ọdún méjìlá kọjá kí ẹnì kan tó sọ ọ̀rọ̀ náà di iṣẹ́. Obìnrin ni ẹni náà, orúkọ rẹ̀ ni Margaret MacVicar. MIT náà ni ó ti kàwé gba oyè, ó sì ń kọ́ni ní físíìsì níbẹ̀. Ní 1969 ó dá ètò kan sílẹ̀ tí ó ń so akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ mọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí gidi. Àwọn kan ń gba owó nínú rẹ̀, àwọn kan ń gba máàkì sí oyè wọn, àwọn kan sì ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ìfẹ́ iṣẹ́ náà. MacVicar kú ní 1991, ṣùgbọ́n ètò rẹ̀ wà títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn sì ti wò ó ṣe tiwọn.

Ní 1978, àwọn olùkọ́ kẹ́místrì láti àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké ní Amẹ́ríkà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ti irú iṣẹ́ yìí lẹ́yìn. Ní 1987, Yunifásítì North Carolina tí ó wà ní ìlú Asheville pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ibi gbogbo ní orílẹ̀-èdè náà jọ, pé kí wọ́n kó iṣẹ́ wọn wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni ìpàdé yìí fi ń lọ láti Yunifásítì kan dé òmíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe irú rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 2011, ní Yunifásítì Central Lancashire ní ìlú Preston.

ỌMỌ ỌDÚN 18 ÀTI ÌKÒKÒ ARÓ

Ẹnì kan lè ní, "Kí ni ọmọdé fẹ́ rí tí àgbà kò tíì rí?" Àwọn baba wa ti dá a lóhùn: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ẹ gbọ́ ìtàn mẹ́ta, gbogbo wọn sì jẹ́ òótọ́.

Ní 1856, ọmọkùnrin kan wà ní London tí ń jẹ́ William Henry Perkin. Ọmọ ọdún 18 ni. Ó ń kọ́ kẹ́místrì lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó ti Jámánì wá, August Wilhelm Hofmann. Ní àkókò náà, kuníìnì ni oògùn tí àwọn òyìnbó gbójú lé fún ibà. Ara èèpo igi ni wọ́n ti ń rí i, igi náà jìnnà, oògùn náà sì wọ́n. Hofmann rò ó pé bóyá a lè fi ohun tí a rí lára ọ̀dà èédú ilẹ̀ ṣe é. Nígbà ìsinmi Àjíǹde, Perkin wọ yàrá kékeré tí ó fi ń ṣe ìdánwò nínú ilé baba rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kò rí kuníìnì. Ẹrẹ̀ dúdú kan ni ó rí. Ẹlòmíràn ì bá dà á nù, ì bá sì fọ ìgò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi sípíríìtì ṣàn án, ó rí i pé omi náà di elésè àlùkò. Ó ti aṣọ ṣẹ́dà bọ̀ ọ́, àwọ̀ náà mú un. Ó fọ̀ ọ́, kò ṣí. Kí ọdún náà tó parí, ó ti gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. Ní 1857, òun, baba rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ilé iṣẹ́ aró sí Greenford lẹ́bàá London.

Ọ̀nà tí ọmọ náà là, àwọn àgbà onímọ̀ gba ibẹ̀. Aró lóríṣiríṣi bẹ̀rẹ̀ sí jáde láti ilé iṣẹ́. Ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró búlúù tí a fi kẹ́míkà ṣe, irú èyí tí àwọn ìyá wa ń rí lára ewé èlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ àdìrẹ, ẹ mọ ìyókù. Aró òyìnbó àti sódà dé Abẹ́òkúta; wọ́n mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n láàárín 1930 sí 1939 wọ́n dá awuyewuye ńlá sílẹ̀ láàárín àwọn aláró, àwọn oníṣòwò àti ààfin. Nítorí náà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe ohun tí ó jìnnà sí ìkòkò aró wa ni a ń sọ.

Ẹ sì ṣàkíyèsí èyí: ohun tí Perkin ń wá kọ́ ni ó rí. Òótọ́ ohun tí ó wà nínú ìgò ni ó tẹ̀ lé. Bí ó bá jẹ́ pé máàkì nìkan ni ó ń wá, ó ṣeé ṣe kí ó ju ẹrẹ̀ náà nù, kí ó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

ÒGIRI TÍ ÀWỌN ÌYÁ Ń FỌWỌ́ KÀN

Ìtàn kejì jẹ́ ti ọmọbìnrin. Maya Lin ni orúkọ rẹ̀. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ṣáínà wá sí Amẹ́ríkà, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí ní 1959. Ó ń kàwé ní Yunifásítì Yale, ó wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Olùkọ́ rẹ̀ ń kọ́ wọn nípa bí a ti ń ya àwòrán ilé àti òkúta ìrántí fún àwọn òkú.

Ní àkókò náà, wọ́n kéde ìdíje kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ya àwòrán ohun ìrántí fún àwọn sójà wọn tí ó kú lójú ogun Vietnam. Maya Lin fi iṣẹ́ tí ó ṣe ní kíláàsì ránṣẹ́. Iṣẹ́ 1,421 ni ó wọlé. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò sí lára rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Ti Maya Lin jẹ́ 1026. Kò sí ère sójà nínú àwòrán rẹ̀, kò sí ẹṣin, kò sí ìbọn. Ògiri òkúta dúdú méjì ni ó yà, wọ́n gùn, wọ́n wọ inú ilẹ̀ lọ, wọ́n sì pàdé ara wọn. Orúkọ àwọn òkú wà lára wọn, bí wọ́n ti kú tẹ̀ lé ara wọn.

Ní kíláàsì, máàkì B ni olùkọ́ fún un. Ní ọdún 1981, iṣẹ́ náà ni ó gba ipò kìíní nínú ìdíje. Ọmọ ọdún 21 ni nígbà náà, kò tíì gba oyè rẹ̀.

Wàhálà kò tán síbẹ̀. Àwọn ènìyàn ńlá-ńlá bínú. Wọ́n ní àwọ̀ dúdú jẹ́ àwọ̀ ìtìjú, wọ́n ní ihò ni ó gbẹ́. Ọmọbìnrin náà ní láti dúró níwájú àwọn aláṣẹ, kí ó sọ ìdí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi rí bí ó ti rí. Ó dúró, ó sì sọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1982, wọ́n ṣí ògiri náà ní Washington. Orúkọ tí ó wà lára rẹ̀ lé ní 58,000. Àwọn ìyá ń lọ síbẹ̀, wọn a wá orúkọ ọmọ wọn títí wọn a fi rí i, wọn a fi ọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn a gbé ìwé lé orúkọ náà, wọn a fi pẹ́ńsù ha á títí yóò fi hàn, wọn a sì mú un lọ sílé. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ Yunifásítì ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ jẹ́.

Ọ̀RỌ̀ KAN LÁTI INÚ EÉRÚ

Ìtàn kẹta kò tíì pẹ́. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Ànábì Ísà, òkè oníná Vesuvius ní Ítálì bú gbàmù, ó sì bo ìlú Herculaneum mọ́lẹ̀. Ìwé púpọ̀ wà nínú ilé ńlá kan níbẹ̀, ìwé àtijọ́ tí a ń ká bí ẹní. Iná sọ wọ́n di èédú. Láti ìgbà tí a ti hú wọn jáde ní nǹkan bí ọdún 1752, bí ẹnì kan bá ti fẹ́ tú wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a fọ́ wẹ́wẹ́.

Àwọn onímọ̀ wá fi ẹ́síréè tí ó lágbára púpọ̀ ya inú àwọn ìwé náà láì tú wọn. Ní 2023, wọ́n gbé àwọn àwòrán náà síta, wọ́n sì fi ẹ̀bùn lé e pé ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ka lẹ́tà inú rẹ̀, kí ó wá. Luke Farritor, ọmọ ọdún 21, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gba oyè ní Yunifásítì Nebraska, kọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti máa wá ojú ibi tí tàdáwà gbà kọjá. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n kéde pé ọ̀rọ̀ kan ti jáde. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni. Ẹ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí? Elésè àlùkò! Wọ́n fún un ní dọ́là 40,000. Ọmọ Íjíbítì kan, Youssef Nader, rí ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n sì fún òun náà ní ẹ̀bùn. Àwọn méjèèjì wá fi ọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú Julian Schilliger, ọmọ ilẹ̀ Switzerland. Ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó gba ẹ̀bùn ńlá, dọ́là 700,000, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ púpọ̀ tí wọ́n kà jáde nínú ìwé náà.

NÍLÉ WA NÍBÍ

Ẹ má ṣe wí pé ti òyìnbó ni gbogbo èyí. Ní 1958, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Zaria dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Àwọn olùkọ́ òyìnbó ń kọ́ wọn láti ya àwòrán bí àwọn ará Yúróòpù ti ń yà á. Àwọn ọmọ náà ní àwọn yóò gbà á, ṣùgbọ́n àwọn yóò pa á pọ̀ mọ́ ọnà ilẹ̀ baba àwọn. Uche Okeke, Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya àti Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, wà nínú wọn. Lónìí, kò sí bí ẹ óò ti sọ ìtàn àwòrán ní Nàìjíríà tí ẹ kò ní dárúkọ wọn. Ní ọdún 1958 yẹn kan náà, J. P. Clark, tí ó ń kàwé ní Yunifásítì Ìbàdàn tí a ń pè ní University College nígbà náà, dá ìwé ewì kékeré kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, The Horn. Clark di ọ̀kan nínú àwọn àgbà akéwì ilẹ̀ wa.

Àwọn ọmọ tiwa lónìí ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ tí yóò gba dìgírì ní Yunifásítì wa tí kò ní ṣe ìwádìí ní ọdún tí ó kẹ́yìn. Pírójẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin gan-an ti fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ rí. Ọmọ náà yóò kọ ọ́, yóò tẹ̀ ẹ́, wọn yóò fi páálí líle bò ó, wọn yóò sì fi wúrà kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn. Olùkọ́ tí ó tọ́ ọ yóò kà á. Bóyá ẹni kejì tàbí ẹni kẹta yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà a gbé e sórí pẹpẹ, eruku a sì bò ó.

Ibi tí ọ̀ràn wà nìyí. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní wò ni ó rọrùn láti rà. Ẹ kò ṣàì gbọ́ pé àwọn kan wà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kí wọ́n máa kọ pírójẹ́ẹ̀tì fún ọmọ ọlọ́mọ. Àwọn mìíràn ń ra èyí tí ẹlòmíràn ti ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n ń pa orúkọ rẹ́, wọ́n ń kọ tiwọn sí i. Ní ayé ìsinsìnyí, ọmọ lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Ìyá tí ó jókòó sídìí ata lọ́jà, tí ó yọ owó náà nínú àjọ, rò pé ẹ̀kọ́ ni òun ń rà. Páálí ni ó rà. Ọmọ náà yóò jáde, wọn yóò pè é ní onímọ̀, iṣẹ́ yóò sì dójú ti òun àti àwọn tí ó gbà á.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn ọmọ wà tí wọn kò sùn nítorí pírójẹ́ẹ̀tì wọn, tí iná ń lọ mọ́ wọn lórí, tí wọ́n ń fi owó oúnjẹ ra ohun tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò. Iṣẹ́ àwọn yìí náà ń lọ sórí pẹpẹ kan náà, eruku kan náà sì ń bò ó. Ẹni tí ó ṣe òótọ́ àti ẹni tí ó rà á, páálí wọn jọra. Ohun tí ó dùn wá jù nìyẹn.

Bí ọmọ bá mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò dúró ti iṣẹ́ òun fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí àlejò, ọ̀rẹ́, ìyá àti ọ̀jọ̀gbọ́n yóò sì máa bi òun léèrè, ṣé yóò rà á? Ó lè dáhùn ìbéèrè kìíní. Ó lè dáhùn ìkejì. Ìkẹrin ni yóò tú u síta. Ohun tí ọjọ́ náà sì ń gbà kò pọ̀: gbọ̀ngàn kan, pátákó, páálí fífẹ̀, ìwé ìpè sí àwọn òbí. Àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé wa níbí mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń gbé àwòrán wọn kọ́ fún ènìyàn wò. Àwọn tí ń kọ́ eré orí ìtàgé mọ̀ ọ́n; wọ́n ń ṣeré níwájú èrò. Kí ni ó dé tí ẹni tí ń kọ́ nípa oko, tàbí nípa oògùn, tàbí nípa ìtàn, kò fi ní ṣe bẹ́ẹ̀?

A kò wí pé ọjọ́ náà kò ní àbùkù. Ìwé dáradára lè bo iṣẹ́ tí kò nílàárí mọ́lẹ̀. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ dùn lè gba ìyìn ju ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ gidi ṣùgbọ́n tí ojú ń tì. Nítorí náà ni ìbéèrè àwọn tí ó wá wò ó fi ṣe pàtàkì.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN

Bí wọ́n bá pè yín, ẹ lọ. Ẹ má ṣe wí pé, "Èmi kò kàwé, kí ni n óò lọ wò níbẹ̀?" Bí ọmọ kò bá lè fi èdè ìyá rẹ̀ ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí iṣẹ́ náà má tíì yé òun náà. Ìbéèrè mẹ́rin tó:

"Kí ni o fẹ́ mọ̀?"

"Ọ̀nà wo ni o gbà wá a?"

"Kí ni o rí, kí sì ni kò bọ́ sí i?"

"Ta ni ó ràn ọ́ lọ́wọ́?"

Ẹ tẹ́tí sí ìdáhùn kẹta dáadáa. Ọmọ tí ó bá ní gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i, ẹ tún bi í. Ẹni tí ó bá ṣe iṣẹ́ náà ní tòótọ́ yóò rántí ọjọ́ tí ìgò fọ́, ọjọ́ tí àwọn ènìyàn kọ̀ láti dá a lóhùn, ọjọ́ tí ó ní láti tún un ṣe. Ìdáhùn kẹrin sì ń kọ́ ọmọ láti má gba iṣẹ́ oníṣẹ́ mọ́ tirẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin, ẹ jẹ́ kí tiyín náà dúró níbẹ̀. Àwọn kan yóò ní ojú ń tì í. Kí ó máa tì í díẹ̀, kò burú. Kì í ṣe ariwo ni a ní kí ó pa, àlàyé ni. Ọmọbìnrin tí ó bá ti dáhùn ìbéèrè ogún ènìyàn lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò ní dákẹ́ nígbà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ nípa àìsàn ọmọ rẹ̀ tí kò yé e, tàbí nígbà tí oníbàárà bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Bí Yunifásítì ọmọ yín kò bá sì ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe é nínú ilé. Nígbà ìsinmi tí ó ń bọ̀, lálẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ pe gbogbo ilé jọ, ẹ pe àwọn àbúrò rẹ̀ náà. Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kí ó sọ fún yín lédè Yorùbá ohun tí ó ń wá nínú ìwádìí rẹ̀ àti ibi tí ó bá a dé. Ẹ jẹ́ kí àwọn kékeré bi í léèrè, nítorí ìbéèrè ọmọdé kì í mọ ojú. Bí ó bá ń wo ilẹ̀, ẹ ti tètè mọ̀, nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Bí ó bá sì là á yé yín, tí ojú rẹ̀ ń tàn bí ó ti ń sọ ọ́, ẹ ṣe àdúà fún un. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún bi yín lọ́jà pé kí ni ọmọ yín ń ṣe níbẹ̀, ẹ óò ní ohun tí ẹ óò sọ.